Ilé yàrá mẹ́ta l'Ákóbọ̀, ó ku finíṣìn: níbo ni kí n ti dín owó kù, níbo ni mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn?

Ọmọ_Akóbọ̀
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mò ń kọ́ ilé yàrá mẹ́ta kan n'Íbàdàn, lápá Akóbọ̀. A ti kanlé tán, a ti rẹ́ inú rẹ́ ìta, páìpù iná ti wà nínú ògiri, ti omi náà ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fa wáyà, kò sí sílíìnì, kò sí táìlì, kò sí ilẹ̀kùn inú. Owó ilé tí mò ń gbé máa pé ní Disẹ́ḿbà, láńdílọ́ọ̀dù sì ti ní òun máa fi nǹkan lé e, èmi ò sì fẹ́ san án mọ́, mo fẹ́ kó lọ sílé mi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé owó ọwọ́ mi ò lè ṣe gbogbo nǹkan tí èmi àti ìyàwó mi fẹ́. Òun fẹ́ sílíìnì POP yíká ilé, ó fẹ́ ṣáwà ìgbàlódé tó ń tu omi látòkè látẹ̀gbẹ́, ó fẹ́ gíránáìtì ní kíṣìnì. Èmi ní kí á fi táìlì Nàìjíríà tẹ́ ilẹ̀, ká kun ọ̀dà, ká kó wọlé, ká wá máa ṣe ìyókù díẹ̀díẹ̀. Onítáìlì tó fẹ́ bá mi ṣiṣẹ́ ti mú mi lọ sọ́dọ̀ kọ́sítọ́mà ẹ̀ tó ń ta táìlì, gbogbo ohun tó ń nawọ́ sí ló wọ́n ju ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé, níbo lẹ ti dín owó kù tí ò dá wàhálà sílẹ̀? Ẹ má sọ iye owó fún mi ṣá, kí n tó dé ọjà ó ti yí.

Bàbá Ìbejì Mọ́níyà
Kú oríire o, àbúrò. Ẹni tó bá kanlé láyé ìsinyìí, ó yẹ ká bá a jó.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ ẹ ni pé ìwọ àti ìyàwó ẹ, ohun tó ṣeé pààrọ̀ lẹ ń jà lé lórí. POP, ọdún mẹ́ta òní ẹ lè ṣe é. Gíránáìtì, ọjọ́ tówó bá dé ẹ gbé e lé e. Ọ̀dà, ẹ ṣì máa tún un kùn náà ni. Ohun tó wà lẹ́yìn táìlì àti èyí tó wà nínú ògiri ni ò ṣeé pààrọ̀ láì fọ́ ilé. Páìpù omi, páìpù ìdọ̀tí, wáyà, bí ilẹ̀ báàfù ṣe dà, ibẹ̀ ni kó o kówó sí, àlejò ò ní rí i, kò sẹ́ni tó máa yìn ẹ́ fún un, ṣùgbọ́n wàá sùn.

Kí wọ́n tó lẹ táìlì kan ṣoṣo mọ́ ògiri báàfù, sọ fún púlọ́ńbà kó dí gbogbo ẹnu páìpù pa, kó wá fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán páìpù wò ti omi sínú ẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ní aago kékeré kan lórí. Wo ibi tí ọwọ́ aago dúró sí, fi fóònù ya á, ti ilé, máa lọ sùn. Tó bá di àárọ̀ tí ọwọ́ aago ti wálẹ̀, páìpù kan ń jò níbì kan, kí wọ́n wá a rí kó tó di pé táìlì bò ó. Púlọ́ńbà tó bá ní kò pọn dandan, tó ní "iṣẹ́ mi dá mi lójú", jẹ́ kó mọ̀ pé ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kó dán an wò.

Báàfù náà, bí wọ́n bá ti rẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ tán kí táìlì tó dé, da báákẹ́ẹ̀tì omi kan síbẹ̀. Tí omi bá lọ sójú ihò fúnra ẹ̀, ó dáa. Tó bá lọ dúró sí ẹsẹ̀ ògiri tàbí tó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kí bíríkìlà padà wá tún un ṣe. Onítáìlì ò lè fi táìlì wo àrùn yẹn sàn.

Jẹ́jẹ́layé
Bàbá Ìbejì ti sọ gbogbo ẹ̀ tán, ká máa lọlé 😂

Ríwáyà_Àgbà
Ká má tíì lọ. Wáyà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi rẹ́ ẹ jẹ, ọ̀gá Akóbọ̀.

Ti gílóòbù 1.5mm, ti sọ́kẹ́ẹ̀tì 2.5mm, ti AC àti ẹ̀rọ omi gbígbóná 4mm, ti kúkà oníná 6mm. Tí oníná kan bá ní ká fi 1.5 fa sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá torí pé "kí lẹ fẹ́ fi ṣe níbẹ̀ gan-an", lé e. Ọdún tó ń bọ̀ ni ìyàwó ẹ máa ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, ògiri á máa gbóná, o ò ní mọ ibi tí òórùn ti ń wá. Wáyà tí wọ́n ń ṣe ní Nàìjíríà níbí dáa, ẹni tó bá ń fi ti òkèèrè yangàn ń tan ara ẹ̀ ni. Cutix wà ní Nnewi tipẹ́tipẹ́, Coleman wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Ayédèrú tí wọ́n fi orúkọ wọn lẹ̀ ni ìṣòro. Tó o bá dé ọjà, mú ọ̀bẹ dání, bó ìdí wáyà díẹ̀ kó o họ ara ẹ̀. Tó bá pupa dénú, bàbà ni. Tó bá pupa lókè tó wá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n kun bàbà sí lára ni, jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Nǹkan kejì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná ẹ ní kọ́bọ̀ báyìí ṣùgbọ́n tó bá pẹ́ owó ńlá ni: ní kó ya gílóòbù, fáànù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tẹlifíṣọ̀n sọ́tọ̀ láti inú DB (àpótí tí wáyà gbogbo ilé ti ń pín), kí AC, omi gbígbóná àti áyọ́ọ̀nù wà lápá tiwọn. Ọjọ́ tówó inverter tàbí sólà bá dé, wọ́n á kàn gbé apá kan sí i ni. Láti Épírì 2024 tówó iná Band A (àwọn tí wọ́n ń fún níná jù) ti fò sókè, mi ò tíì rí ẹni tó kọ́lé tí ò béèrè sólà lọ́wọ́ mi, àwọn tí wáyà wọn wà pọ̀ lójú kan ló máa ń dùn mí jù, torí a ní láti tún ilé fà.

Ọmọ_Akóbọ̀
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn tí ẹ sọ nípa DB, èmi ò gbọ́ ọ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣáwà tí ìyàwó mi fẹ́ yẹn ńkọ́? Ó rí i nílé ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Lẹ́kkí, kò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan míì.

Iya_Tèmi
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọkùnrin. Kí púlọ́ńbà tó dáhùn, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ kíṣìnì torí mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bá ìyàwó yìí sọ ọ́.

Ọmọ mi, gíránáìtì yẹn lè dúró, ṣùgbọ́n má dín owó kíṣìnì kù bó o ṣe ń rò ó. Ẹni tó máa dúró níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ ló yẹ kó o bi. Kí bíríkìlà da kọnkéré sí ojú tábìlì kíṣìnì, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kẹ́ ẹ lẹ táìlì tó ń dán sí i lórí, ẹ ti ní ojú iṣẹ́ nìyẹn, gíránáìtì lè wá bá a lórí ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n kó tó da kọnkéré, ní kí ìyàwó ẹ wá dúró síbẹ̀ kó ṣe bí ẹni ń gún nǹkan, bí ẹni ń gé ẹ̀fọ́. Tó bá ga ju tó bá kúrú ju, ẹ̀yìn ló máa ń dùn ún. Èmi kúrú, wọ́n ṣe tèmi bí ẹni pé ọlọ́pàá ló fẹ́ lò ó.

Kábíẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fi pákó tí wọ́n fi èérún igi lẹ̀ pọ̀ ṣe abẹ́ síǹkì. Ó rí dáadáa lójú, ṣùgbọ́n bí omi bá kán sí i ó máa ń wú bí àkàrà, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ní pa dé mọ́. Ẹ ní kó fi marine board, pákó tí omi kì í tètè bà jẹ́, ṣe abẹ́ síǹkì nìkan, kó wá fi HDF, pákó tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ kó le, ṣe tòkè, owó ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀ ní kíṣìnì. Blẹ́ńdà, kẹ́tùlù, fíríìjì, máíkíróweéfù, sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀, wọ́n á wá fi extension yí gbogbo ilé ká.

Páìpù_ò_purọ́
Púlọ́ńbà rè é o. Ọ̀gá mi Akóbọ̀, ẹ ṣàlàyé fún màdáámú báyìí: ṣáwà yẹn, agbára omi ló ń jẹ. Kí tánkì tó fún ṣáwà ní agbára omi bar kan (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi), ó ní láti fi bí i mítà 10 ga ju ẹnu ṣáwà lọ. Ẹ ní irin tánkì yín ga tó ẹsẹ̀ bàtà mélòó? Ká ní 15. Ẹnu ṣáwà wà ní bí i ẹsẹ̀ 7. Ó ku ẹsẹ̀ 8, ìyẹn ò ju mítà méjì àbọ̀ lọ, bí i ìdá kan nínú mẹ́rin bar kan lẹ ní yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ṣáwà inú ògiri yẹn, bar kan ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀ pé ó kéré jù. Ilé Lẹ́kkí tí màdáámú ti rí i, ẹ lọ wò ó, ẹ ó bá pọ́ǹpù kékeré kan lẹ́yìn ilé tó ń dún nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí omi. Tí NEPA bá mú iná lọ, ìró ni ṣáwà á máa tú jáde.

Ẹ ra ṣáwà ara ògiri tó rọrùn, èyí tí ara ẹ̀ wà níta, tó bá bàjẹ́ ẹ tú u ẹ ra òmíì. Èyí tó wà nínú ògiri, tí nǹkan inú ẹ̀ bá kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí wọn ò kó irú ẹ̀ wọlé mọ́, táìlì lẹ máa fọ́. Ẹ ní kí n fi páìpù sílẹ̀ de èyí tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, màá fi sílẹ̀, màá dí i pa.

Táàpù: ẹ gbé e lọ́wọ́. Èyí tí bàbà wà nínú ẹ̀ máa ń wúwo. Èyí tó fúyẹ́ tó ń dán jù, bí wọ́n bá yí i ju bó ṣe yẹ, ọrùn ẹ̀ á já sí yín lọ́wọ́. Kí gbogbo bésínì, gbogbo WC, síǹkì, kí kálukú ní fáàfù kékeré tiẹ̀ lábẹ́, kẹ́ ẹ má ba à máa pa omi gbogbo ilé torí táàpù kan.

WC ńkọ́, kẹ́ ẹ tó rà á ẹ wo páìpù ìdọ̀tí tí wọ́n ti gbé sílẹ̀. Tó bá wọ inú ilẹ̀ lọ, S-trap lẹ máa rà. Tó bá wọ inú ògiri, P-trap. Kẹ́ ẹ sì wọn láti ojú ògiri, kẹ́ ẹ ti ro táìlì mọ́ ọn, dé àárín ihò. Mo ti bá àwọn èèyàn de WC tó wá láti ọjà Coker l'Ékòó, tó rẹwà, tí wọ́n gbé dé tí ìdí ẹ̀ ò bá ihò mu, ẹni tó tà á ò gbà á padà. Àwọ̀ funfun ni kẹ́ ẹ rà. Tí ìdérí ẹ̀ bá fọ́, ẹ ó rí funfun níbikíbi. Ẹni tó ra àwọ̀ ewé, kó kú àárò.

Jẹ́jẹ́layé
"Ìró ni ṣáwà á máa tú jáde" ẹ pa mí o

Sisi_Manchester
Mo kí gbogbo yín o. Èmi ń kọ́ tèmi sí Ìjẹ̀bú-Òde láti ibí, torí náà mo mọ ojú tí finíṣìn fi ń yọ lára èèyàn. Mo kàn fẹ́ sọ fún àwọn tó wà lókè òkun, kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ ká máa kó wá sílé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ìlú òyìnbó níbí yìí, onípíìnì mẹ́ta 13 amp, irú tilé wa kan náà ni, ẹni tó bá rí i rà lówó pọ́ọ́kú ó lè kó o sínú báàgì. Ẹni tó wà n'Amẹ́ríkà, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀. 120 volts ni wọ́n ń lò, ojú ihò wọn ò bá tiwa mu, gílóòbù wọn á jó lójú ẹsẹ̀ lórí 230 tiwa. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Houston kó gílóòbù olówó ńlá wá fún ìyá wa, ẹ má bi mí bó ṣe parí.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé mi ò gba fọ́tò iṣẹ́ tó ti parí. Fọ́tò nígbà tí ògiri ṣì ṣí ni mo ń gbà, páìpù àti wáyà, pẹ̀lú téèpù ìwọn lára ògiri. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lu ihò láti gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́, mo kàn wo fóònù mi ni, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n sún ọwọ́ síhìn-ín.

Ọmọ_Akóbọ̀
Àǹtí Manchester, téèpù lára ògiri yẹn dáa o. Màá lọ ṣe é lọ́la kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ skrìídìn tí wọ́n fi ń mú ojú ògiri dán.

Ó ku sílíìnì. Ẹ dákun ẹ jà á fún mi.

Mama Bólú
PVC. Kò sí ìjà ńbẹ̀. Bí orùlé bá jò, o nu PVC, ó tán. POP á ní àmì omi pupa kan láàárín pálọ̀, o ó kùn ún, á tún jáde.

Bàbá Ìbejì Mọ́níyà
Mama Bólú, PVC ní pálọ̀ máa ń rí bí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù, ẹ má bínú. Tó bá tún di ọ̀rọ̀ iná, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, rọ́bà ni, èéfín ẹ̀ burú. POP ò gbaná.

Mama Bólú
Ẹ wá wo pálọ̀ mi kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ sá. Funfun gbòò, mo ní kí wọ́n fi pátákó aláwọ̀ igi yí etí ẹ̀ ká, àwọn tó wá kí mi ń béèrè ẹni tó ṣe é. Owó tẹ́ ẹ fi gbẹ́ òdòdó sára POP, mo fi ra jẹnẹrétọ̀.

Bíríkìlà_Ìyágankú
Ẹ̀yin méjèèjì gba díẹ̀ díẹ̀. Báàfù, kíṣìnì, kọ́rídọ̀, PVC ni kẹ́ ẹ ṣe síbẹ̀, ooru àti omi wà níbẹ̀. Yàrá, PVC tàbí board lásán. Pálọ̀ nìkan ni kí POP wà tí màdáámú bá takú. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé POP sókè tí òjò ò bá tíì pa orùlé yẹn dáadáa. Òjò Ìbàdàn kì í ṣeré, jẹ́ kí ó rọ̀ tìjìtìjì kẹ́ ẹ gun òkè àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ìdí ìṣó gbogbo. Èyí tó ń jò á ti jò. Ẹni tó bá ṣe POP nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ò tíì rójò, òjò àkọ́kọ́ ló máa bá a yẹ iṣẹ́ káfíńtà tó kanlé wò.

Àti pé, ọ̀gá Akóbọ̀, nígbà wo lẹ rẹ́ ilé yẹn? Tí kò bá tíì pé oṣù kan, ẹ má jẹ́ kí pẹ́ńtà sún mọ́ ọn. Ògiri tútù ló máa ń bó ọ̀dà dànù nísàlẹ̀, wọ́n á ní ọ̀dà ni ò dáa.

Ọmọ_Akóbọ̀
Ó ti lé lóṣù méjì, ẹ̀gbọ́n. Ìta nìkan ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́.

Bíríkìlà_Ìyágankú
Kí ìta dúró nígbà náà. Ìta ni kẹ́ ẹ fi sẹ́yìn pátápátá, ẹ kó wọlé pẹ̀lú ìta tí ò ní ọ̀dà, kò sí ohun tó ń ṣe yín. Ṣekárími ló ń pa púpọ̀ nínú wa, wọ́n á kun ìta kí ará àdúgbò rí i, inú ò ní táàpù.

Ọmọ_Káfíńtà
Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, ẹ̀yin èèyàn yìí.

Ilẹ̀kùn àbáwọlé iwájú àti ẹ̀yìn, owó ni kẹ́ ẹ fi sí i, yálà irin tàbí ìrókò, ẹ má fi ti inú pálọ̀ ṣe é. Èyí tí wọ́n ń pè ní security door tó wà lọ́jà, ẹ fi ìka lù ú. Tó bá dún gbàà bí agolo, páálí ló wà nínú ẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá, HDF tó fúyẹ́ ti tó, ẹ lè pààrọ̀ wọn nígbà tẹ́ ẹ bá rówó. Báàfù, ẹ má fi HDF síbẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á wú kí ọdún kan tó pé. Alumíníọ̀mù ló yẹ báàfù.

Férémù ló ṣe kókó jù. Ẹ béèrè irú igi wo ni. Ọ̀gànwó àti ìrókò dáa tó bá gbẹ. Igi tútù tí wọ́n fi gbé férémù lójijì torí pé ẹ ń kánjú, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé á súnkì, ilẹ̀kùn á máa gbá ara ẹ̀ tàbí kó fi àlàfo sílẹ̀ tí ẹ̀fọn ń gbà wọlé. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ́jà pákó Bódìjà, ẹ gbé ẹyọ kan, ẹ wo bó ṣe wúwo sí èkejì tó jẹ́ irú igi kan náà, èyí tó fúyẹ́ jù ló gbẹ jù. Kí wọ́n fi oògùn ikán pa ẹ̀yìn férémù àti ìdí ẹ̀ kí wọ́n tó sìmẹ́ǹtì bò ó. Híńjì mẹ́ta sí ilẹ̀kùn tó bá wúwo. Wọ́n máa ń fi méjì ṣe é, kó wá máa tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì.

Iya_Tèmi
Fèrèsé ńkọ́? Kẹ́ ẹ má ra sliding sí gbogbo yàrá o. Ìdajì fèrèsé ló ń ṣí, ìdajì yòókù dúró lásán, ooru Fẹ́búárì á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Casement, èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn, ń ṣí tán.

Ìdòwú_Onítáìlì
Mo ti ń kà á láti àná, mo ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo yín ń bú onítáìlì.

Òótọ́ ni pé ẹni tó ń ta táìlì máa ń fún wa ní nǹkan tá a bá mú kọ́sítọ́mà wá. Bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà, bẹ́ẹ̀ ni púlọ́ńbà, wọn ò kàn sọ ọ́ níbí ni. Ohun tó yẹ kí ọ̀gá Akóbọ̀ ṣe ni pé kó mú onítáìlì ẹ̀ dání lọ wo táìlì, kó gbọ́ ohun tó máa sọ, kó má sanwó lọ́jọ́ yẹn. Kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù méjì míì lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú orúkọ táìlì yẹn. Kó sì fún un ní owó iṣẹ́ tó dáa, torí ẹni tẹ́ ẹ bá fún lówó iṣẹ́ gbẹ̀fẹ́, ibòmíì ló ti máa gbé tiẹ̀.

Táìlì Nàìjíríà dáa fún yàrá. Èmi gan-an ni mo tẹ́ ẹ sílé. Ṣùgbọ́n táìlì ògiri, ẹ má fi í tẹ́ ilẹ̀, ara ẹ̀ ò le, torí ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe é. Báàfù, veránda, ojú àtẹ̀gùn, èyí tó ní ara gbágungbàgun ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tó ń dán bí dígí, tí ìyá àgbà bá wá kí yín kó má ba à yọ̀ ṣubú.

Bí ẹ bá sì ra táìlì vitrified tó wúwo sí pálọ̀, ẹ ra gọ́ọ̀mù táìlì pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má gbà kí wọ́n fi omi sìmẹ́ǹtì lásán lẹ̀ ẹ́. Vitrified kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi rárá, ìdí nìyẹn tó fi le, ìdí nìyẹn náà tí sìmẹ́ǹtì lásán ò fi ń rí ara ẹ̀ dì mú. Àwọn táìlì tó ń wú sókè lójijì láàárín òru tí wọ́n ń pè é ní iṣẹ́ ayé, ibẹ̀ ló ti ń wá. Tá a bá tẹ́ ẹ tán tó gbẹ, ẹ mú owó ẹyọ kan, ẹ máa kan án lórí táìlì kọ̀ọ̀kan láti igun dé igun. Èyí tó bá dún bí ẹni pé ihò wà lábẹ́ ẹ̀, kí onítáìlì tú u kẹ́ ẹ tó san owó tó kù fún un.

Sisi_Manchester
Ẹ ṣé o bọ̀dá Ìdòwú, òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ nípa owó iṣẹ́.

Ọmọ_Akóbọ̀
Ẹ ṣé, gbogbo yín. Èmi àti ìyàwó mi jókòó lálẹ́ àná, mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ìró ṣáwà yẹn, ó ní ó tán, ká ra èyí tó rọrùn, ṣùgbọ́n kí púlọ́ńbà fi páìpù sílẹ̀. POP á wà ní pálọ̀ nìkan, lẹ́yìn òjò. Tábìlì kíṣìnì, kọnkéré àti táìlì, ó ti dúró níbẹ̀ wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ògiri. Wáyà ni owó máa lọ sí jù, mo ti gbà.

Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, bọ̀dá Ìdòwú. Yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12. Táìlì 60 sí 60, mẹ́rin nínú páálí kan. Èmi ṣírò ẹ̀, mo rí páálí mẹ́sàn-án. Onítáìlì mi ní mọ́kànlá. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ tà lára ẹ̀ báyìí?

Ìdòwú_Onítáìlì
Rárá o, ẹ má fẹ̀sùn kàn án. Ẹsẹ̀ 12 jẹ́ bí i mítà 3.6, táìlì mẹ́fà síhìn-ín, mẹ́fà sọ́hùn-ún, 36, páálí mẹ́sàn-án ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ilẹ̀ nìkan. Ẹ gbàgbé èyí tá a ń gé lẹ̀ mọ́ ìdí ògiri yíká yàrá. Yíká yàrá yẹn jẹ́ mítà 14.4. Táìlì kan, tá a bá gé e sí ọ̀nà mẹ́fà, ó fún wa ní mítà 3.6. Mẹ́rin ló máa yí yàrá ká, páálí kan gbáko nìyẹn. Ó di mẹ́wàá. Ọ̀kan tó kù jẹ́ ti èyí tó bá fọ́ lọ́nà àti èyí tá a bá gé bàjẹ́, àti ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa kó pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì torí pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀ ẹ ò ní rí irú ẹ̀ rà mọ́. Ó ṣírò ẹ̀ dáadáa.

Ọmọ_Akóbọ̀
Haa. Mo ti fẹ́ bá a jà o. Mo máa pè é kó jẹ́ ká jọ lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ìdòwú_Onítáìlì
Ẹ pè é. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún, kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ nọ́ńbà shade síbẹ̀. Kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, torí orúkọ lè jọra kí àwọ̀ má jọra, tá a bá tẹ́ ẹ tán ni ojú á tó rí i. Ẹ ní kó kọ nọ́ńbà yẹn sórí ríṣíìtì, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun á gba páálí tẹ́ ẹ ò bá tú padà.

Páìpù_ò_purọ́
Ẹ má gbàgbé àti wọn ihò WC yẹn o, ọ̀gá, kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹ ro bí táìlì á ṣe nípọn tó mọ́ ọn.